Kí Lorúkọ Oògùn Tó Wà Nínú Ọ̀rá Yẹn?

Ní Sátidé kan ní ọjà Ìgbọ̀nà, mo dúró níwájú kẹ́mísìtì kan, mo fẹ́ ra báńdéèjì. Màmá kan tí wọ́n ru èlùbọ́ ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n di ìbàdí mú, wọ́n ní: "Ọmọ mi, bá mi po tara ríro. Fi ti kátá sí i, imú mi ti dí látàná." Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó fi sísọ́ọ̀sì gé hóró lára káàdì kan, ó gé òmíràn lára ìkejì àti ìkẹta, ó ṣí ike ńlá kan, ó ka méjì jáde níbẹ̀. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré, ó so ó ní kókó. Ọ̀rá mẹ́ta ló dì. "Màmá, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́. Ẹ rí i pé ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó o."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wo àwọn káàdì náà. Kò bínú, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́, ó sì gbé ike náà wá pẹ̀lú. Èyí tó funfun roboto nínú ike ni paracetamol, 500 mílígíráàmù, méjì ló sì wà nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Kápúsù aláwọ̀ méjì yẹn ní ibuprofen nínú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn káàdì rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ kedere pé 325 mílígíráàmù paracetamol wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Mo yí ti kátá padà: paracetamol 500 tún nìyẹn, pẹ̀lú oògùn tó ń gbẹ imú. Hóró kékeré tó kù, diclofenac ni.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó. Paracetamol funfun méjì jẹ́ 1,000. Ẹ fi 325 ti inú kápúsù kún un, ẹ fi 500 ti inú oògùn kátá kún un. 1,825 nìyẹn nínú ọ̀rá kan ṣoṣo. Tí màmá bá lo ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán lóòjọ́, ó di 5,475. Èyí tí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kò gbọdọ̀ kọjá láàárín wákàtí 24 ni 4,000, ìyẹn hóró mẹ́jọ. Màmá yẹn rò pé oògùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn rà. Paracetamol kan náà ni wọ́n rà lọ́nà mẹ́ta. Ibuprofen àti diclofenac tó tún wà níbẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ibì kan náà ni wọ́n sì ti ń ba ara jẹ́. Kò yẹ kí wọ́n jọ wà nínú ọ̀rá kan láé.

Bí àlejò bá wọlé, a máa ń béèrè orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti wá. Oògùn tí a fẹ́ gbé mì ni a kì í bi léèrè. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ewu oògùn ara ríro àti ara gbígbóná wà ní Òṣogbo wa yìí. Kò sí nínú oògùn líle tó fara pamọ́ níbì kan. Inú oògùn tí gbogbo wa mọ̀, tí a ń lò láti kékeré, tí orúkọ ti bọ́ lára rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wa, ló wà.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ti le sí i. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀, tí iye rẹ̀ já wálẹ̀ sí dọ́là. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, GlaxoSmithKline, ilé iṣẹ́ tí Panadol ti ọwọ́ rẹ̀ kàn wá fún ọ̀pọ̀ ọdún, kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Kí ọdún tó parí, Sanofi náà sọ pé alágbàtà ni yóò máa bá àwọn ta oògùn àwọn níbí. Àwọn ilé iṣẹ́ tiwa ṣì ń ṣe paracetamol, àmọ́ òkè òkun ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ èlò tí wọ́n fi ń ṣe é, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Owó oògùn gòkè. Ẹni tó ti máa ń ra páálí wá ń ra káàdì. Ẹni tó ti máa ń ra káàdì wá ń ra ẹyọ. Ẹyọ kì í sì í ní orúkọ lára.

Mi ò kórìíra àwọn oníkẹ́mísìtì. Àwọn ló sún mọ́ wa jù, àwọn ló ń ṣílẹ̀kùn fún wa láago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n sì ń dá wa láwìn. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ohun tí ìwé àṣẹ wọn fún wọn láyè láti ṣe. Àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ apòògùn òyìnbó, Pharmacy Council of Nigeria, ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, oògùn tí kò nílò ìwé dókítà ni wọ́n sì lè tà, bó ṣe wà nínú páálí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Pípo oògùn pọ̀ sínú ọ̀rá kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "ẹ má pò ó fún mi, ẹ fún mi ní káàdì rẹ̀" kò fi ojú di oníkẹ́mísìtì. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló béèrè.

Ẹ jẹ́ ká wá wo paracetamol fúnra rẹ̀. Panadol, paracetamol ni. Emzor tí a máa ń pè lórúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, paracetamol ni. M&B, paracetamol ni. Panadol Extra, paracetamol náà ni, wọ́n kàn fi caffeine, irú èyí tó wà nínú kọfí, kún un ni. Ẹni tó lo Panadol láàárọ̀ tí kò ṣe é, tó wá lo M&B lọ́sàn-án, kò tíì pààrọ̀ oògùn; páálí ló pààrọ̀.

Oògùn rere ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ yìí tán kó máa sá fún un. Òun ni dókítà kọ́kọ́ máa ń fún aláboyún tí orí ń fọ́, òun sì ni ẹni tó ní ọgbẹ́ inú lè lò láìsí pé ó ta ọgbẹ́ náà. Hóró kan tàbí méjì ni àgbàlagbà ń lò lẹ́ẹ̀kan, kó sì jẹ́ kí ó tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó lo òmíràn. Inú àpọ̀jù ni wàhálà rẹ̀ wà, àpọ̀jù náà kò sì jìnnà: ó sún mọ́ ìwọ̀n tó dára ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ.

Ẹ̀dọ̀ ló ń tú paracetamol tí a bá gbé mì. Bó ṣe ń tú u, oró kékeré kan máa ń yọ jáde. Ẹ̀dọ̀ ní ohun kan nínú tó fi ń pa oró náà, glutathione lorúkọ rẹ̀, àmọ́ ó níwọ̀n. Bí paracetamol bá pọ̀ jù, glutathione á tán, oró tó ṣẹ́ kù á sì dojú kọ ẹ̀dọ̀ tó bí i, á máa jẹ ẹ́. Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí tó ti fara rù nítorí àìsàn, glutathione ti rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ náà ń bẹ nínú ewu yẹn. Ẹ rántí pé ọtí líle ni paraga tí wọ́n fi ògógóró rẹ gbòǹgbò sí, ohun yòówù kí ewé inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀dọ̀ tí paraga ń bá jà láàárọ̀, hóró mẹ́jọ paracetamol ti pọ̀ jù fún un.

Ohun tó máa ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí kì í ṣeé tètè mọ̀. Ní ọjọ́ kìíní, ó lè má ju inú rírìn àti èébì lọ. Ní ọjọ́ kejì, ara lè dà bí ẹni pé ó ti fúyẹ́, èèyàn á ní àwọn ti bọ́. Tó bá di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, funfun ojú á di àwọ̀ ìyeyè, abẹ́ ìhà ọ̀tún á máa dun èèyàn, ọ̀rọ̀ ẹnu lè máa dàrú. Ládùúgbò wa, ibà pọ́njú ni a máa pe ìyẹn, a ó ní kí wọ́n lọ se àgbo. Oògùn tó ń pa oró paracetamol wà ní ilé ìwòsàn, acetylcysteine lorúkọ rẹ̀, àárín wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló sì ti máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ̀ pé òun, tàbí ọmọ òun, ti lò ju ìwọ̀n lọ, kó má ṣe dúró kó rí bí ara ṣe máa ṣe. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni UNIOSUN wà ní Ìdí-Ṣẹ́kẹ́, ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Asúbíaró. Kó mú páálí tàbí ike oògùn náà dání lọ, kó sọ aago tó lò ó àti iye tó lò. Kó má fi epo pupa tàbí mílíìkì fa àkókò.

Ti àwọn ọmọdé tún yàtọ̀. Aládùúgbò mi kan ní Òkè-Baálẹ̀ kan ilẹ̀kùn mi lóru, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ oṣù márùn-ún ń gbóná. Ó mú ìgò oògùn kékeré kan dání àti síbí, ó ní kí n bá òun tan ìmọ́lẹ̀ fóònù, iná ti lọ. Ó ti ń da oògùn sínú síbí, ó ti kún dé etí. Mo ní, "Ìyá Tòbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná." Mo gba ìgò náà, mo sún un mọ́ iná. Èyí tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu ni, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá ìkán oògùn tó bá a wá wọ̀n. Èyí tó ti máa ń fún Tòbí, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, nígbà tó wà ní kékeré, tó sì fi síbí wọ̀n, omi oògùn lásán ni. Paracetamol ni méjèèjì, ọsàn wà lára páálí méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú omi oògùn ti síbí, 120 tàbí 125 mílígíráàmù ló wà nínú mílílítà márùn-ún. Nínú èyí tí wọ́n ń kán, 100 ló wà nínú mílílítà kan ṣoṣo. Síbí tó kún yẹn jẹ́ 500: hóró àgbàlagbà kan odindi, fún ọmọ tí kò ju kílò mẹ́fà lọ.

Ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn rẹ̀, mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílò kan lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ kílò mẹ́fà nílò 60 sí 90. Ìyẹn kò pé mílílítà kan nínú èyí tí wọ́n ń kán. Nínú ti síbí, ó wà láàárín mílílítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀ àti díẹ̀. Káàdì àjẹsára ọmọ tí wọ́n fún wa ní ilé ìwòsàn, kílò rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e dání tí ẹ bá ń lọ ra oògùn. Síbí inú ilé kò dọ́gba, ẹ má fi wọn oògùn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ bá gbóná tó dígíríì 38, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká máa wá oògùn sílé. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lóru náà. Ìyá Tòbí da síbí náà padà sínú ìgò, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kì í ṣe pé kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé orúkọ kan náà lè gbé agbára ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Aspirin ni kí ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 rárá, àfi tí dókítà bá ní kí ẹ fún un, nítorí ó lè fa àìsàn kan tó máa ń kọlu ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ ọmọ. Ọ̀pọ̀ á ní àwọn kì í ra aspirin. Ṣé ẹ ń ra Alabukun? Jacob Odulate ló ṣe é sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1918, ó ti pẹ́ nílé wa débi pé a ń kà á kún oògùn ìbílẹ̀. Aspirin àti caffeine ló wà nínú ẹ̀bù rẹ̀. Àgbàlagbà tí orí ń fọ́ tí kò lọ́gbẹ́ inú lè rí ìrànwọ́ nínú rẹ̀. Ọmọdé, aláboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Nǹkan mìíràn tún wà nípa omi oògùn ọmọdé tí kò yẹ kí ìran wa gbàgbé. Ní 1990, omi paracetamol tí kẹ́míkà diethylene glycol wọnú rẹ̀ pa àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn àti Jos. Ní 2008, ó tún ṣẹlẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí nínú My Pikin, oògùn eyín ọmọ tó ní paracetamol nínú. Ọmọ 84 ló kú. Kẹ́míkà náà ń ba kíndìnrín jẹ́, ọmọ á mu oògùn tán, kò ní tọ̀ mọ́. Nígbà tí NAFDAC ń kó oògùn yẹn kúrò lọ́jà, orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára ìgò ni wọ́n fi mọ èyí tí wọ́n ń wá. Omi oògùn tí wọ́n bá dà sínú ike lásán fún yín, kò sí ẹni tó lè wá a rí.

Mo ní kí n padà sórí ibuprofen àti diclofenac, torí ibẹ̀ ló ti kan ìdílé mi. Bàbá kékeré mi ń lẹ táyà ní gáréèjì. Orúnkún wọn ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń lo diclofenac láràárọ̀ kí wọ́n tó jáde, fún oṣù bíi mẹ́rin. Wọn ò pè é ní oògùn. "Hóró orúnkún mi" ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ìgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú bí ọ̀dà, wọ́n ní ẹ̀fọ́ ni àwọn jẹ. Ọjọ́ tí òòyì kọ́ wọn tí wọ́n ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó kù lára wọn kò pọ̀ mọ́. Ikùn wọn ló ti ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú. Páìntì ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí wọn lára.

Oògùn tó wà nínú ẹbí yìí ń dí ohun kan tí ara fi ń mú kí ibi tó dùn wú, kí ó sì máa ro. Ohun kan náà ni ara fi ń bo ògiri ikùn kí omi kíkan inú má baà jẹ ẹ́, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn dáadáa lọ sí kíndìnrín. A kò lè dí i ní orúnkún ká má dí i ní ikùn. Ìdí nìyẹn tí "ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó" kò fi tó: oúnjẹ máa ń dín inú rírun kù, ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn náà ti ń ṣe iṣẹ́ tó ń ba ikùn jẹ́. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò pé, arúgbó, ẹni tó ní ikọ́ fée, aláboyún, pàápàá tí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20: kí wọ́n bi dókítà tàbí apòògùn òyìnbó léèrè kí wọ́n tó lò ó. Àwọn tó ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde náà, tí egungun ń ro lóru, kíndìnrín tiwọn ti ń jìyà tẹ́lẹ̀. Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, 1,200 mílígíráàmù ibuprofen lóòjọ́ ni òpin fún ẹni tó ń fúnra rẹ̀ rà á. Bí ìrora bá kọjá ọjọ́ mẹ́wàá tàbí ara gbígbóná kọjá ọjọ́ mẹ́ta, kí ó lọ rí dókítà.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn pàápàá pọ̀ jù fún ọmọdé níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí tó bí tiwa. Paracetamol ń mú ara tutù, kì í pa kòkòrò ibà. Ọmọ á tutù láàárọ̀, á ṣeré, a ó ní ó ti san. Kòkòrò náà ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2023, Nàìjíríà nìkan ló ni nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ikú tí ibà fà lágbàáyé, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àyẹ̀wò ibà kò ju kí wọ́n gún orí ìka, kí èsì rẹ̀ sì jáde láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún un lọ́jọ́ náà. Tí gìrì bá mú un, tí kò lè mu ọmú, tí ó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ tàbí tí ó ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ má wá oògùn kankan, ọ̀kadà ni kí ẹ wá.

Tramadol tí àwọn kan ń fi kún ọ̀rá ara ríro kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń rà láìsí ìwé dókítà, bẹ́ẹ̀ ni omi ikọ́ tó ní codeine tí ìjọba àpapọ̀ fòfin dè ní 2018. Ẹ má sì fi paracetamol se ẹran tàbí ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀. NAFDAC ti kìlọ̀ rẹ̀ léraléra.

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ bàbá kékeré ti ṣẹlẹ̀, màmá mi kì í gba oògùn tí kò lórúkọ mọ́. Wọn ò kàwé. Ọmọ kẹ́mísìtì ni wọ́n máa ń ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà kékeré, wọ́n á wé bébà náà mọ́ oògùn, wọ́n á kó o sínú agolo mílò lórí pẹpẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí agolo náà wò. Bébà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi èédú fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó wà lórí méjì.

Mo ní, "Màmá, kí lẹ fàlà sí báyìí?"

"Àwọn méjèèjì yẹn jọra," wọ́n ní. "Mo wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀, mo wo bó ṣe parí. Ó ní oògùn kátá ni ọ̀kan. Mo ní kó gba ìyẹn padà."